A Ó Jẹ Ẹ́ Ká Tó Lọ

Nínú bọ́ọ̀sì kan ní Scarborough, lókè òkun, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu auntie Yorùbá kan àti ìyá òyìnbó arúgbó tó gbé àpò ápù lé ẹsẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń bá ara wọn sọ.

Auntie ní, "Mama, mi ò ra bẹ́ẹ̀dì kankan o. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mò ń sùn. Àwọn ọmọ mi ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọdún méjì péré la máa lò níbí ká tó padà sílé."

Ìyá náà ní, "Bí màmá mi ṣe wí nìyẹn! Jámánì ni wá, ṣùgbọ́n bàbá mi ò fẹsẹ̀ tẹ Jámánì rí. Ròmáníà ni wọ́n bí wọn sí. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, ilẹ̀ oko ò tó wọn mọ́, ni wọ́n bá wọkọ̀ ojú omi wá síbí."

"Ẹ jọ Yorùbá Kétu. Yorùbá ni wọ́n, wọn ò sí ní Nàìjíríà."

"Bàbá mi gbin igi ápù. Ìjà dé! Màmá ní, 'Ta ló máa dúró jẹ ẹ́?' Bàbá ní, 'A ó jẹ ẹ́ ká tó lọ.' Nígbà tó so, màmá ló kọ́kọ́ gbé apẹ̀rẹ̀ jáde. Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún ni wọ́n ń ní, 'A ó jẹ tọdún yìí ká tó lọ.'"

"Wọn ò wá jẹ ẹ́ tán?"

"Èmi ṣì ń jẹ ẹ́!" Ìyá náà na ápù kan sí auntie.

Auntie rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n gbé fóònù, ó di Yorùbá: "Olówó orí mi, ẹ sọ fáwọn ọmọ pé mò ń lọ ra bẹ́ẹ̀dì wọn. Ẹ̀n-ẹ́n, a ṣì ń padà sílé. A ó sùn lórí ẹ̀ ká tó lọ ni."