Wàláhì Sàkáríyáù Lórí Ọtanétọ̀ Tí Kò Ṣí Wò

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá gbogbo ẹni tó jókòó síbí gbé, ọkùnrin, obìnrin, àti àlejò wa tí kì í ṣe mùsùlùmí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín: kí ni a ti mọ̀ nípa Wàláhì? Ẹ dá mi lóhùn. "Ìbúra ni!" Ó dáa. Ta ni a fi ń búra? "Ọlọ́hun ni!" Ṣé ẹ rí i pé ẹ ti mọ̀ ọ́n? Ó kù kí ó dé ahọ́n wa. Ẹ̀kọ́ tòní nìyí: ohun tí o kò bá tíì wádìí, má fi Ọlọ́hun ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Mẹkáníìkì alùpùpù kan wà ní Ṣakí, Sàkáríyáù lorúkọ rẹ̀. Ó mọṣẹ́, kì í sì í fi ìrun ṣeré. Àmọ́ bí ó bá fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, Wàláhì. Bí ó bá mumi, Wàláhì. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹni tó jókòó tì yín ńkọ́?

Lọ́jọ́ kan, Àlhájì Yìsáù, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, ti alùpùpù rẹ̀ dé. Ọ̀kan nínú àwọn ńláńlá àtijọ́ ni, tí wọ́n ṣe fún ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn, tí àpótí ẹrù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Bátìrì rẹ̀ ń kú ṣáá. Sàkáríyáù ní ọtanétọ̀ ló bàjẹ́, ìyẹn ohun tó ń fún bátìrì níná bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́. Oríṣi méjì ló sì wà, kékeré àti ńlá.

"Kékeré ló wà nínú tiyín, Àlhájì. Kékeré ni wọ́n ń fi sí ti ọdún yẹn."

"Ṣé ká ṣí i wò ná?"

"Àbí ẹ ò gbà mí gbọ́ ni? Wàláhì, kékeré ni!"

Lẹ́yìn Wàláhì, ta ni yóò tún máa wádìí? Àlhájì sọdá sí ṣọ́ọ̀bù Rálíátù, opó tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kúbúrà, tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù ní òdìkejì títì. Rálíátù bi í pé, "Ṣé ẹ ti ka nọ́ńbà tó wà lára ti àtijọ́? Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ lè ti pààrọ̀ rẹ̀ o."

"Sàkáríyáù ti búra."

Rálíátù gbé kékeré fún un.

Sàkáríyáù yọ wáyà bátìrì, ó ṣí ìbòrí iwájú ẹ́ńjìnì, ó tú ti àtijọ́. Bó ṣe gbé e, ọwọ́ rẹ̀ sọ fún un pé: èyí wúwo ju tuntun lọ. Ó yára jù ú sáàárín àwọn irin àlòkù. Ó gbé tuntun sí i, kò jókòó. Àwọn ihò bóòtù kò pàdé ara wọn.

"Kí ló dé, Sàkáríyáù?"

Kí ni ọkàn rẹ̀ wí? "Sọ òótọ́." Kí ni ẹnu rẹ̀ wí? "Ayédèrú ni Rálíátù tà fún yín! Wàláhì!"

Inú bí Àlhájì. "Ọ̀la ni Jímọ̀. Tí a bá kírun tán, n ó dìde, n ó sọ fún gbogbo jàmáà kí wọ́n má rajà lọ́wọ́ obìnrin yẹn mọ́."

Ẹ̀yin ará, kí ló kù fún ọlọ́jà tí wọ́n bá ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ ní mọ́ṣáláṣí?

Rálíátù gbọ́ ariwo náà láti òdìkejì. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó mú àkísà àti kẹrosíìnì díẹ̀, ó sọdá wá.

"Sàkáríyáù, gbé ti àtijọ́ jáde."

"Ìyá Kúbúrà, ẹ padà sí ṣọ́ọ̀bù yín jàre! Kí lobìnrin mọ̀ nípa ọtanétọ̀?"

"Ohun tí mo mọ̀ kọ́ la fẹ́ gbọ́. Ohun tí wọ́n kọ sára irin la fẹ́ kà." Ó jókòó lé táyà kan. "Mi ò kúrò níbí."

Àlhájì ní kó gbé e jáde. Rálíátù na àkísà sí i. "Ìwọ ni kí o nù ún. Ìwọ lo búra."

Ó nù ún. Òróró àti eruku ṣí kúrò, nọ́ńbà yọ. Àlhájì kò mú awò ojú rẹ̀ wá. "Kí ló kọ?" Ọwọ́ Sàkáríyáù ni irin náà wà, òun ni yóò kà á. Ìwọ arákùnrin mi tó jókòó síbẹ̀ yẹn, kí lo máa kà?

"Ńlá ni, Àlhájì. Mi ò ṣí i wò kí n tó búra. Nígbà tí mo tú u, mo mọ̀, mo sì tún búra mọ́ obìnrin yìí. Irọ́ ni mo pa. Ìyá Kúbúrà, ẹ forí jì mí."

"Àwọn tó ń kọjá ti gbọ́ irọ́ tí o pa mọ́ mi," Rálíátù dáhùn. "Lọ́la, ìwọ fúnra rẹ ni kí o dìde ní mọ́ṣáláṣí."

Ó sì dìde. Níwájú gbogbo jàmáà, ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Kò fi Wàláhì kankan sí i, kò sì sí ẹni tí kò gbà á gbọ́.

Ọlọ́hun, fi ọ̀nà mọ̀ wá. Má jẹ́ kí ahọ́n wa ṣáájú ojú wa. Fún wa ní sùúrù láti wádìí, kí o sì fún wa ní àyà láti sọ pé a ṣì í. Àmín.

Ẹ̀yin ará, láti ìsinsìnyí títí di ìrun Alásárì, ẹ gbìyànjú kiní kan. Bí Wàláhì bá fẹ́ jáde lẹ́nu yín, ẹ gbé e mì, kí ẹ ní, "Jẹ́ kí n lọ wò ó ná." Kí ẹ sì dìde, kí ẹ lọ wò ó.