Kíìsì Kan, Àwẹ̀ Gígùn

Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga o! Ọlọ́run tó dá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi padà fún mi, òun ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Ẹ̀yin ará, ẹ wo ojú mi dáadáa. Ó ti kún, àbí kò kún? Ẹ ṣé. Ẹ jókòó, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbọ́ lórí ìdúró.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Ìbùkún, opó tó ń dirun ní Jeppestown, ní Jo'burg níbí. Bàbá Ìbùkún ti lọ sinmi, èmi àti ọmọ mi nìkan la jọ ń gbé nínú fúláàtì wa ní Turffontein. Arákùnrin kan wà tó ń dẹnu ìfẹ́ kọ mí. Ìyàwó tiẹ̀ náà ti kú. Ó ti bá Pásítọ̀ sọ̀rọ̀, Pásítọ̀ sì ní ká máa gbàdúrà sí i. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ó wà nínú ilé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yíjú wẹ̀yìn. Iwájú níbí ni ẹ̀rí wà.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, ó bá mi gbé àpò gàrí láti ìsàlẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà mi lókè. Lífítì wa ò ṣiṣẹ́, ìyẹn kì í ṣe nǹkan tuntun. Ó gbé gàrí kalẹ̀, ó nu òógùn, mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Ibi tí mo ti ń dúpẹ́ la ti fẹnu ko ara wa lẹ́nu. Kò ju kíìsì lọ o. Kò sì pẹ́ ju kí èèyàn sọ pé Halelúyà. Ó dáa, Halelúyà gígùn ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín yìí, a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, mi ò ní parọ́ níwájú pẹpẹ.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan tó ń ta wíìgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi sọ pé òun mọ ìyàwó tó kú yẹn. Ó ní obìnrin náà rù gan-an kó tó kú. Ó wá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Ẹ ṣáà mọ irú àìsàn tó ń ṣe èèyàn báyẹn ní ìlú yìí." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó padà sídìí wíìgì rẹ̀. Èmi ni mo sọ ìyókù fún ara mi. Mo rántí pé mo gé ahọ́n mi jẹ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn, níbi tí mo ti ń jẹ bíltọ́ọ̀ǹgì, ẹran gbígbẹ tí wọ́n ń tà níbí, nínú táksì. Mo ní, ha! Ẹ̀jẹ̀ ti pàdé itọ́. HIV ti wọlé.

Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀yin ará. Kì í ṣe torí tèmi. Bàbá ọmọ ti lọ. Bí èmi náà bá lọ, ọ̀dọ̀ ta ni Ìbùkún máa wà ní Jo'burg yìí?

Kílíníìkì tí wọ́n ti ń yẹ èèyàn wò lọ́fẹ̀ẹ́ kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi, tí ẹ bá ti kọjá róbọ́ọ̀tì tó ń dá mọ́tò dúró níkòríta, ẹ ti débẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà ni mí, ọmọ ìjọ yìí sì ni mí. Kí làwa máa ń ṣe? Mo bẹ̀rẹ̀ àwẹ̀.

Àwẹ̀ àìjẹ àìmu ni, títí di ìrọ̀lẹ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, màá fi búrẹ́dì díẹ̀ àti tíì ṣínu. Àdúrà mi ò ju ẹyọ kan lọ: Olúwa, bó bá wà lára mi, fà á tu. Kò pẹ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Nígbà tí mo rí i pé mò ń rù, mo ní ó ti dé nìyẹn, àìsàn náà ti ń jẹ mí. Mo bá fi kún àwẹ̀. Mo yọ búrẹ́dì kúrò, ó ku tíì. Mo tún rù sí i. Ahọ́n mi funfun, ẹnu mi ń gbẹ, òòyì ń kọ́ mi. Mo wo orí fóònù, gbogbo àmì àìsàn náà tí wọ́n kọ síbẹ̀ ló pé sí mi lára. Mo tún fi kún àwẹ̀.

Ẹ̀yin màmá ẹgbẹ́ obìnrin, ẹ rántí. Ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ pé mo ti di sísí, tí ẹ̀ ń bi mí pé tíì wo ni mò ń mu. Màmá kan tiẹ̀ ní kí n bá òun rà á. Mò ń rẹ́rìn-ín sí yín, lẹ́yìn náà màá lọ sunkún ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì.

Arákùnrin yẹn ń pè, mi ò gbé e. Ó ń kí mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Nílé, mo ya kọ́ọ̀bù mi sọ́tọ̀, mo ya ṣíbí mi sọ́tọ̀, mo kó wọn pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀, látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, inú àwo kan náà lèmi àti Ìbùkún ti máa ń jẹun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bu tiẹ̀ lọ́tọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó ní, "Mommy, are you cross with me?" Mo ní rárá, mi ò bínú sí ẹ, lọ jẹun. Ó gbé àwo rẹ̀ wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ìyẹn dùn mí ju ebi lọ. Mo kúnlẹ̀ sídìí sìǹkì, mo yí àdúrà padà. Mo ní Olúwa, mi ò ní kó o fa nǹkan kan tu mọ́. Ṣáà jẹ́ kí n mọ òtítọ́, kódà bó bá korò.

Ẹ̀yin ará, ìdáhùn dé! Mò ń dirun fún Sis' Nomsa, ọmọ Súlù tó ti jẹ́ kọ́sítọ́mà mi tipẹ́. Mo ti di apá ọ̀tún tán, mo fẹ́ bọ́ sí òsì, ni òòyì bá kọ́ mi. Mo ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú kóòmù lọ́wọ́. "Eish, sisi! Eish!" nìkan ni mo ń gbọ́. Obìnrin yìí gbé mi sínú mọ́tò rẹ̀, apá kan orí rẹ̀ dídì, apá kejì rí wúruwùru, ó wà mí lọ kílíníìkì. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ láàárín èrò, kò tijú. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mò ń sunkún, ṣùgbọ́n mo rí i pé áńgẹ́lì tí Ọlọ́run rán sí mi ló jókòó tì mí, irun rẹ̀ ni kò tíì pé.

Nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Mo ní HIV ni. Ó ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo sọ ti kíìsì, mo sọ ti bíltọ́ọ̀ǹgì. Kò rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run bù kún un. Ó ní, "Màmá, kódà bí ọkùnrin yẹn bá ní i, itọ́ kì í kó o ranni." Ó ní ṣùgbọ́n kí ọkàn mi lè balẹ̀, òun á yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ó gún mi níka. Níbi tí a ti ń dúró de èsì, ó bi mí pé, "Kí lẹ jẹ lánàá?"

Mo ní tíì.

"Níjẹta ńkọ́?"

Mo ní tíì. Ó wo Sis' Nomsa. Sis' Nomsa wo ilẹ̀.

Èsì jáde. Kò sí! Ẹ gbọ́ mi dáadáa, kò sí nǹkan kan! Nọ́ọ̀sì ní ebi ló ń ṣe mí. Ó ní àwọn tó ní kòkòrò náà, tí wọ́n ń wá gba oògùn lọ́dọ̀ òun, sanra jù mí lọ, torí wọ́n ń lo oògùn wọn, wọ́n sì ń jẹun. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Tèmi yàtọ̀. Ebi wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ tún wọ̀ ọ́.

Pásítọ̀, ẹ má bínú, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má gbààwẹ̀ o. Mò ń sọ pé mo fi àwẹ̀ wá ohun tí abẹ́rẹ́ kékeré lè sọ fún mi. Ní ti ìyàwó arákùnrin yẹn, mi ò mọ ohun tó pa á, mi ò sì bá oníwíìgì sọ ọ́ mọ́. Bó bá wù ú, á sọ fún mi. Kò sí èyí tó máa sọ tí màá tìtorí ẹ̀ sá.

Sis' Nomsa ló jókòó níwájú yìí. Ẹ wo irun rẹ̀, ó ti pé. Ìbùkún wà nílé, ó ń se ìrẹsì. Mo sọ fún un pé àwo kan la máa fi jẹ ẹ́, kó wá ṣíbí mẹ́ta sílẹ̀. Ó ní, "Three?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́ta. Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní dárúkọ arákùnrin yẹn, mi ò sì ní dá a. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mi gbé gàrí, ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má sáré lọ lẹ́yìn ìsìn.

Ògo ni fún Ọlọ́run tó gbé mi ṣubú kó lè gbé mi dìde. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi pàtẹ́wọ́! Ó dáa. Ẹ lè yíjú wẹ̀yìn báyìí.