Fèrè Ara Máṣíìnì Làmídì

Nígbà tí èmi náà ṣì lè gbé ẹsẹ̀ sọdá máṣíìnì láìdi ògiri mú… Ràṣídì ọmọ mi, pa ọ̀kadà yẹn ná, jẹ́ n sọ̀rọ̀. O so iná aláwọ̀ oríṣiríṣi mọ́ ohun tí mo rà fún ẹ, o tún ní o fẹ́ pààrọ̀ síìtì. Mi ò bá ẹ jà. Àjogúnbá ni.

Àbúrò mi, Làmídì, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ìyá kan náà ló bí wa, ní Ìkirè níbí. Ọjọ́ tó ra máṣíìnì ẹ̀, kò tíì gùn ún délé tó ti ní àwọ̀ ẹ̀ ò wu òun. Ó kùn ún ní pupa. Ó so dígí mọ́ ọn, dígí lọ́tùn-ún, dígí lósì, dígí níwájú… kí ló fẹ́ fi wò? Ìyá wa á ní, "Làmídì, máṣíìnì ni àbí ìyàwó?" Á ní, "Ìyá, ṣé ìyàwó á jẹ́ kí n kun òun lọ́dà ni?"

Fèrè ló wá fi parí ẹ̀. Fèrè olóhùn mẹ́ta. Ẹ gbọ́, kò sí fóònù nígbà yẹn. Tó bá gbé èrò ti Àpòmù dé, á fọn ọ́n láti ìsàlẹ̀, Ìyá á gbé omi ẹ̀bà kaná. Kó tó já èrò sílẹ̀ tán, omi ti ń hó. Ẹ̀yin ìsinsìnyí ńkọ́? Ẹ ó pe ìyá yín lórí fóònù pé ẹ ti ń bọ̀, ẹ ò sì ní dé.

Ibà ló pa á. Kì í ṣe máṣíìnì o, ibà lásán. Ìyàwó ẹ̀ ní òun ò lè máa rí máṣíìnì yẹn lójoojúmọ́, la bá tà á fún Súlè, ará Àpòmù tó ń ra kòkó. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń gba iwájú ilé wa.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó fọn fèrè yẹn… háà. Ìyá dìde, ó gbé omi kaná. Mo ní, "Ìyá, Súlè mà ni." Ó ní, "Mo mọ̀. Ṣé orí mi dàrú ni? Jẹ́ kó hó." Ó tẹ ẹ̀bà, ó pín in fún àwọn ọmọ Làmídì. Bó ṣe ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ ọjà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe Làmídì ló ń ṣe Súlè. Ta ló ra máṣíìnì tí kò fẹ́ kó jọ tòun? Ó yọ dígí. Pupa di búlúù. Ó pààrọ̀ síìtì. Ìyá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wò ó lọ.

Ó dá Súlè dúró lọ́jọ́ kan. "Súlè ọmọ mi, yọ gbogbo ẹ̀. Fi fèrè yẹn sílẹ̀ fún mi."

Ọjà ni mo fi gbogbo ayé mi tà. Mo mọ ohùn ẹni tó fẹ́ rà, mo mọ ohùn ẹni tó kàn ń bèèrè. Ìyá ò nájà lọ́jọ́ yẹn. Súlè dọ̀bálẹ̀: "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Mi ò ní yọ ọ́."

Ó pẹ́ kó tó yọ ọ́. Èèyàn dáadáa ni. Àfìgbà tí fèrè tuntun dé, èyí tó ń ké bíi tírélà. Ọjọ́ ọjà kan, Ìyá jókòó ti ààrò, ó ti daná. Nǹkan ké, ó kọjá. Mo rí i pé Súlè ni. Ìyá ṣì ń retí fèrè. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, ó bu omi paná. Ó ní, "Làmídì ti lọ báyìí." Ó wá bú sẹ́kún. Ọjọ́ tá a sin ín gan-an, kò sunkún tó bẹ́ẹ̀.

Mo lọ bá Súlè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo ti jù ú nù. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé fèrè àtijọ́ ni." Ká ní Làmídì wà láyé, òun gan-an ì bá ti yọ ọ́ ṣáájú Súlè!

Ràṣídì, tún un ṣe bó ṣe wù ẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan tí ìyá ẹ fi ń mọ̀ pé ìwọ ló ń bọ̀, má pààrọ̀ ìyẹn. Ó yá, fọn tìẹ kí n gbọ́…

Hẹn. Tún un fọn.