Ogún Ìṣẹ́jú Láìdúró

Nínú jímù kan ní ìlú Lilburn lókè òkun, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù mú gan-an, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá kan àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí wọ́n ń sáré lórí ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

“Áńtí, ẹ tún ti dá ẹ̀rọ dúró! Ìgbà kẹta nìyẹn.”

“Màmá tó kọjá yẹn, ìjọ kan náà la jọ wà. Ṣé kí n máa kí àgbà lórí eré ni?”

“Ẹ kàn juwọ́ sí wọn. Ṣebí ẹ ní ẹ fẹ́ sá race yẹn parí lóṣù kẹrin?”

“Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ńṣe ni mo rìn dé òpin. Àyà mi ò sì gba òtútù ìta.”

“Ogún minute péré, láìdúró. Please, Áńtí.”

“Ó dáa. Lónìí, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, mo ti kí i tẹ́lẹ̀.”

Gbólóhùn yẹn ò kúrò létí mi. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, iwájú wọn ni ọ̀nà gbà, ó sì yẹ kí n kúnlẹ̀ kí ìyá náà. Mo wo ẹ̀rọ wọn: ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Mo rọra gba ẹ̀yìn kọjá.