Kámù Túndé àti Ọ̀dà Èékánná Rónkẹ́

Ẹ bá mi gbé ọwọ́ sókè sí Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ojú ti arúgbó. Pásítọ̀, ẹ ṣeun tí ẹ fún mi láyè. Ìyá Ìjọ, mo kí yín. Mo kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ kí ẹkún má baà gé e mọ́ mi lẹ́nu, ẹ fojú fo bí mo ṣe kọ ọ́. Ìwé díẹ̀ ni mo kà.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé mo sin Túndé, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí mo bí. Àìsàn ráńpẹ́ ló ṣe é. Ẹ bá mi kẹ́dùn, n ò gbàgbé ẹnì kankan. Mama Ìbejì tó ń ta ata ní Mile 12 wá. Díákónì Ọlátúnjí wá. Sister Péjú gbé odindi ìkòkò ìrẹsì wá, ìkòkò yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi, Sister, màá dá a padà. Bàbá Jósẹ́ẹ̀fù wọkọ̀ ojú omi wá láti Agboyi pẹ̀lú ẹja tútù. Ó jókòó tì mí láti àárọ̀ dọ̀sán, òórùn ẹja yẹn nìkan ló ń bá wa sọ̀rọ̀. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín.

Mẹkáníìkì ọ̀kadà ni mí ní Ìkòsí. Láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí ọ̀kadà má ṣiṣẹ́ ní àdúgbò wa mọ́, jẹnẹrétọ̀ ni mò ń tún ṣe jù. Ti Túndé yàtọ̀. Páwà báìkì ló fẹ́ràn, àwọn ńlá tó máa ń bú ramúramù lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Kí àìsàn tó dé, ó ra kámù tuntun méjì, irú èyí tó máa ń jẹ́ kí injin sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Ó gbé páálí rẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Daddy, ẹ̀yin lẹ máa bá mi gbé e wọ̀ ọ́ o. Mi ò ní gbé e fún ẹlòmíì." Mo ní kó gbé e sílẹ̀, tó bá yá. Kò tíì yá tí Ọlọ́run fi pè é.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Emeka ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sílé. Ó ní àwọn tí wọ́n jọ ń gun máṣíìnì fẹ́ fi ọjọ́ Sátidé kan gùn ún láti Alápẹ̀rẹ̀ kí wọ́n fi rántí rẹ̀, àwọn sì fẹ́ kí ti Túndé ṣáájú. Ó ní ṣé màá lè gbé kámù yẹn sí i. Mo ní màá ṣe é. Nǹkan ìkẹyìn tọ́mọ mi bẹ̀ mí nìyẹn, tí mo bá bà á jẹ́, kò sí Túndé mọ́ tí màá bẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ injin. Pístìn ló ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀. Lókè pístìn, àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà tí à ń pè ní fáálù. Àwọn kan ń gba afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, àwọn kan ń tú èéfín jáde. Kámù ló ń sọ fún ilẹ̀kùn ìgbà tó máa ṣí. Tí kámù bá sọ ọ́ lódì, ilẹ̀kùn á ṣí nígbà tí pístìn ń bọ̀ lókè, wọ́n á forí gbárí, injin yẹn ti kú nìyẹn. Kámù kan ṣoṣo ló wà nínú ọ̀kadà tí mo fi ayé mi tún ṣe. Méjì ló wà nínú ti Túndé, ọ̀kan fún àbáwọlé, ọ̀kan fún èéfín, ṣéènì kan ló sì ń yí gíà àwọn méjèèjì.

Àwa mẹkáníìkì Ìkòsí kì í tú nǹkan láì fi àmì sí i. Ibi tó o bá ti bá a ni wàá dá a padà sí. Ọ̀dà èékánná la sì máa ń lò, torí ó máa ń gbẹ kíá, òróró kì í tètè bó o. Rónkẹ́, ìyàwó Túndé, ń kun èékánná fún àwọn obìnrin ní Kétu, ilé kan náà la sì ń gbé. Mo mú ìgò pupa kan nínú ẹrù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mi ò sọ fún un. Mo wá kun àwọn gíà yẹn bí ẹni tó ń kun ògiri. Mo tú gíà kúrò lára kámù àtijọ́, mo dè é mọ́ tuntun, mo to àmì pupa kí wọ́n kojú ara wọn, mo dé injin pa. Ó rẹwà lójú mi.

Emeka tó dúró tì mí ti fi àtàǹpàkò lé sítáátà. Alhaji Múfú tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù ṣí ìbòjú rẹ̀ sókè.

"Bàbá Túndé, ẹ ò tíì gbàdúrà."

Òótọ́ ni. Nínú ṣọ́ọ̀bù wa, a kì í tẹ sítáátà injin tí a tú láì gbàdúrà. Bí a bá sì ti ń gbà á, èmi á fi sípánà máa fọwọ́ yí injin díẹ̀díẹ̀, kí òróró lè kárí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ìsìnkú, àdúrà ò wá sí mi lẹ́nu.

Mo ní, "Alhaji, ẹ bá wa gbà á."

"Ẹ̀yin lẹ lọmọ. Àmín ni tèmi."

Mo fi sípánà sí i. Mo wá ní, "Bàbá, iṣẹ́ Túndé rèé. Ẹ bá mi wò ó." Kí Alhaji tó ṣe àmín, sípánà dúró sí mi lọ́wọ́. Kì í ṣe líle tí injin máa ń le. Irin ló kan irin.

Emeka ní, "Daddy, ẹ gbé e fún mi, mo lágbára."

Mo ní, "Agbára rẹ gan-an ni mò ń sá fún."

Ẹ̀yin ará, tó bá jẹ́ pé sítáátà yẹn la tẹ̀, fáálù ì bá ti wọ́, pístìn ì bá ti fọ́. Àdúrà tí kò tó ìlà kan ló gbà wá.

A ṣí i. Gbogbo àmì pupa kojú ara wọn. Mo tún un wò, mi ò rí àṣìṣe kankan. Mo jókòó sórí táyà, mo ń rò ó pé bóyá iṣẹ́ yìí ti jù mí lọ. Ibẹ̀ ni Rónkẹ́ ti já wọlé, inú ń bí i.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ mú ọ̀dà pupa mi? Kọ́sítọ́mà jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, ọwọ́ ọ̀tún pupa, ọwọ́ òsì funfun." Ó yọjú wo inú injin. "Háà. Ẹ wá kun èékánná fún máṣíìnì. Kò tiẹ̀ dáa. Tó bá jẹ́ èmi ni mo kùn ún báyìí, wọn ò ní padà wá."

Alhaji rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. Rónkẹ́ fúnra rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó yọ òwú àti omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà kúrò nínú báàgì, ó ní kí òun nù ún kí òun tún un kùn bó ṣe yẹ. Bó ṣe ń nù ún ló dúró.

"Daddy, nǹkan wà lábẹ́ ẹ̀. Wọ́n fín nǹkan sí i."

Mo wọ awò mi. Ihò mẹ́rin ló wà lára gíà kọ̀ọ̀kan, méjì fún kámù àbáwọlé, méjì fún kámù èéfín. Àwọn tó ṣe é ti fín èyí tó jẹ́ ti kámù wo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan, ọ̀dà tèmi ló bò ó mọ́lẹ̀. Ihò ti èéfín ni mo fi de ti àbáwọlé. Eyín gíà bára mu, ṣùgbọ́n kámù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kọjú síbòmíì. Ó dà bí ẹni tó ki ẹsẹ̀ òsì bọ bàtà ọ̀tún, tó ní ṣebí òun ti so okùn rẹ̀ dáadáa.

Mo tú u, mo gbé e sí ihò tó yẹ. Rónkẹ́ fi àmì tó-tò-tó sí i. Mo fi sípánà yí i, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, àdúrà tí mi ò gbà látọjọ́ ìsìnkú, gbogbo rẹ̀ ló tú jáde. Mo dárúkọ gbogbo yín. Alhaji ṣe àmín títí, ó wá ní, "Bàbá Túndé, ẹ ṣàánú mi, àkókò ìrun ti ń lọ."

Rónkẹ́ ló tẹ sítáátà. Injin dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mì. Kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ohun tẹ́nì kejì ń sọ, gbogbo wa ṣáà ń sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, Emeka gùn ún, ó ní kí n jókòó sẹ́yìn òun. Wọ́n gbé hẹ́límẹ́ẹ̀tì Túndé wọ̀ mí, ó sì bá orí mi mu bíi pé èmi ni wọ́n rà á fún. Ìyá Túndé tó ti dolóògbé máa ń sọ pé orí ńlá mi ni ọmọ yẹn jogún, mo máa ń jiyàn. Mi ò jiyàn mọ́. A gba Alápẹ̀rẹ̀ kọjá, àwọn èèyàn ń juwọ́, èmi náà ń juwọ́, afẹ́fẹ́ ń gbẹ omijé mi kó tó balẹ̀.

Ó ṣì ń dùn mí, ẹ̀yin ará, mi ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tọ́mọ mi bẹ̀ mí, Ọlọ́run ò jẹ́ kí n bà á jẹ́. Ògo ni fún un. Rónkẹ́, dìde kí wọ́n rí ẹ. Ẹ bá wa yọ̀, kí onílù fún wa ní nǹkan tí arúgbó lè jó sí, ẹni tí kò bá sì lè jó kó di apá mi mú, kí n bá a jó tiẹ̀.