Ohun Tí Mo Kọ́ Ìyá Yín Lódì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó. Dókítà ti sọ fún yín bí ọkàn mi ṣe rí, ṣùgbọ́n ohun tí mo fi pa mọ́ sínú rẹ̀, ẹ̀rọ wọn kò lè rí i. Èmi ni n ó fẹnu ara mi sọ ọ́.

Kíláàsì kan náà ni èmi àti ìyá yín wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Àyè kan ṣoṣo ló wà fún ẹni tí yóò lọ ka ìṣirò sí i ní yunifásítì, àwa méjèèjì la sì ń lé e. Ó dáńtọ́ jù mí lọ. Àmọ́ ibà dá a dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ tí wọ́n kọ́ wa ní kálíkúlọ́ọ̀sì bí a ṣe ń ṣírò bí iye tó ní x lókè ṣe ń yára pọ̀ sí i. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó wá bá mi lẹ́yìn yàrá ìkàwé.

"Jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ pé x ló wà lókè èjì ńkọ́? Báwo la ṣe ń ṣe é?"

Mo mọ̀ ọ́n. A kì í sọ x kalẹ̀. Bí iye náà ṣe wà la máa fi í sílẹ̀, a ó wá fi lọ́ọ̀gì àdánidá ti èjì sọ ọ́ di púpọ̀. Mo wojú rẹ̀, mo ní, "Bíi ti x tó ní èjì lókè náà ni. Sọ x kalẹ̀ síwájú, kí o yọ ení kúrò lókè."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́wọ́ èmi ọ̀dàlẹ̀.

Ìbéèrè náà jáde nínú ìdánwò, wọ́n ní ká fi mẹ́ta dípò x. Ó kọ méjìlá. Èmi kọ márùn-ún ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Máàkì mẹ́ta péré ni mo fi gba àyè náà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló burú jù. Nígbà tí èsì jáde, ó sunkún, ó ní, "Bóyá orí mi kò gba ìṣirò." Mo nu ojú rẹ̀ nù, mo ní, "Kì í ṣe gbogbo orí ló ń gbà á." Ó sì gbà mí gbọ́. Ó di akọ̀wé ní ọ́fíìsì, ó fẹ́ mi, ó tọ́jú mi bí ẹyin, ọdún mẹ́tàlélógójì ló sì fi ń sọ fún yín pé, "Ẹ lọ bá bàbá yín, àwọn ló ni ọpọlọ."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo jẹ́wọ́ fún un. Kò pariwo. Ó wá pẹ́ńsù mi, ó fi awò sójú, ó ní, "Bàbá wọn, ẹ wá kọ́ mi ní tòótọ́." Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ṣàlàyé. Ó ṣe ti ẹ̀ta, ó ṣe ti àrún, kò ṣì kankan. "Ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí?" ló wí. Ó dìde, ó gbé oògùn mi wá, ó bu omi tì í. Kò tíì bá mi rẹ́rìn-ín láti ìgbà náà.

Bí ẹni tó fọkàn tán yín bá bi yín ní ohun tí ẹ mọ̀, ẹ sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Ẹ bá mi bẹ ìyá yín. Yàrá kejì ló wà. Ẹ rọra kan ilẹ̀kùn, ìṣirò ló ń ṣe lọ́wọ́.