Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Alángbá

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ jókòó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ nígbà tí mo wọlé, ẹ rọra o, torí nígbà tí mo bá fi máa sọ̀rọ̀ tán, ẹ máa fẹ́ gba àtẹ́wọ́ yín padà. Àárọ̀ ọ̀la ni dókítà máa gé ọ̀fun mi. Ó ní kókó tó wà níbẹ̀ ti gbilẹ̀, pé bí mo bá tiẹ̀ jí, mi ò ní lóhùn mọ́. Láti kékeré lòun náà ti ń gbọ́ mi lórí rédíò, ó wá ń wò mí bí ẹni tí wọ́n ní kó pa àkùkọ àdúgbò. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi kó ara yín jọ sí gbọ̀ngàn pápá eré yìí, kẹ́ ẹ lè gbọ́ mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ká jọ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ sì gbé àga ọlá fún mi. Mo ti rí àga náà. Ó rẹwà. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì jókòó síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun tipẹ́ kí kókó yìí tó dé, mi ò sì ní jẹ́ kí ọ̀bẹ dókítà gé e mọ́ ọn.

Gbogbo yín lẹ mọ Alángbá. Ẹ̀yin ọmọdé tí ò bá ojú ẹ̀, fọ́tò ẹ̀ ló wà lára ògiri lẹ́yìn mi yìí. Ọkọ̀ eré tààrà ni: kò sí kọ́nà, kò sí yíyà, o tẹ iná mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, o ti débi tí eré parí sí. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń gùn gbọọrọ bí àkàbà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, kí iwájú ẹ̀ lè jókòó mọ́lẹ̀. Tiwa kúrú. Ẹ mọ ìdí ẹ̀? Kì í ṣe ọgbọ́n ìwé o. Ṣọ́ọ̀bù wa ló kúrú. Ilé ìdáná ìyàwó mi ló wà lódì kejì ògiri, mo sì bẹ̀ ẹ́ títí kó jẹ́ ká wó ògiri náà. Ó ní, "Dádì, ọjọ́ tí ọkọ̀ yín bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń dín ẹyin, ẹ mú un wọlé." La bá kọ́ ọkọ̀ kúkúrú. Ẹ́ńjìn sún sẹ́yìn, ó sì ga. Ìjókòó awakọ̀ sún kọjá táyà ẹ̀yìn, bíi pé èèyàn jókòó sórí ìrù. Àwọn tó mọ ọkọ̀ kọ́ rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Ọjọ́ tá a gbé e dé ojú ìlà, ẹ̀rín tán. Gbogbo ìwúwo tó wà lẹ́yìn yẹn ò jẹ́ kí táyà yọ̀ rárá. Ṣe ló ń họ ilẹ̀ bí ajá tó ń wá egungun. Ó máa ń fò lọ kí àwọn tó kù tó mọ̀ pé iná ti ní kí wọ́n máa lọ. Àléébù ẹ̀ kan ṣoṣo náà ò kéré: iwájú ẹ̀ fúyẹ́, gbogbo ìgbà ló ń wá bó ṣe máa gbórí sókè. Ìyẹn la ṣe pè é ní Alángbá.

Ẹni tó jó irin ẹ̀ pọ̀ ni Wẹ́dà, tó jókòó sẹ́yìn pátápátá yẹn, tó ń ṣe bí ẹni pé òun ò sí níbẹ̀. Òun ló ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sí i: irin gígùn kan tó yọ sẹ́yìn, tí táyà kéékèèké méjì wà lẹ́nu ẹ̀. Bí iwájú bá fẹ́ dìde jù, táyà yẹn á kanlẹ̀, á ní, "Ó tó, padà sílẹ̀." Wẹ́dà dè é sílẹ̀ dáadáa, ó ku díẹ̀ kó máa wọ́ nílẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, bí mo bá tiẹ̀ kú, ẹ má fọwọ́ kan ibí yìí." Ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà ni àbúrò ìyàwó mi, tí gbogbo yín ń pè ní Má-wẹ̀yìn, torí bó bá ti gbéra, kì í wo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo gbé e jó lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, kò tíì ga ju tábìlì lọ. Bí mo bá sọ pé ọkọ̀ dáa, kì í yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Èmi ńkọ́? Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ nínú máìkì. Wàhálà mi rè é: eré yẹn kúrú ju òwe lọ. Kí n ní, "Ilé ọba tó jó," kí n tó dórí "ẹwà ló bù sí i," wọ́n ti tẹ bíréèkì. Alángbá á wọlé ṣáájú, èrò á pàtẹ́wọ́ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin, wọ́n á padà sídìí ẹ̀pà wọn. Kí lèèyàn fẹ́ sọ nípa ọkọ̀ tó kàn lọ tó sì dé? Àfi ọjọ́ kan tí ilẹ̀ gbún díẹ̀ lójú ìlà. Iwájú Alángbá gbéra, ó tó orúnkún èèyàn, ó padà sílẹ̀. Ẹnu mi là: "Alángbá ti mirí! Ó ní bẹ́ ò bá yin òun, òun á yin ara òun!" Àwọn èèyàn gorí bẹ́ńṣì. Ariwo yẹn wọ̀ mí lára bí ọtí. Èmi oníranù yìí, mo délé, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Wẹ́dà lọ jẹun. Mo mú sípánà, mo tú bóòtù ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, mo gbé e sókè ní ìwọ̀n ìka kan, mo dè é padà, mo fi gíríìsì pa á lójú kó má hàn pé wọ́n fọwọ́ kàn án. Iwájú dìde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ariwo náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo tún gbé e. Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, tó ń tọ́ ọ wò, tó tún ń bù ú? Àmọ́ ọbẹ̀ tèmi, èèyàn ló jókòó sínú ẹ̀.

Lọ́jọ́ tó bàjẹ́ yẹn, oòrùn mú, ilẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Ilẹ̀ tó bá ń lẹ̀, táyà á dì í mú gan-an, iwájú á sì fẹ́ dìde sí i. Mo mọ̀ dáadáa. Má-wẹ̀yìn ti dé akoto ẹ̀, ó wá bá mi nídìí máìkì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ń ṣe mí bíi pé iwájú ọkọ̀ yìí ti fúyẹ́ jù lọ́jọ́ mẹ́ta yìí. Ṣé kí Wẹ́dà yẹ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wò?" Ẹ gbọ́ èsì èmi ẹlẹ́nu dídùn: "Iwájú ọkọ̀ kọ́, orí tìẹ ló fúyẹ́. Ṣé wọn ò fún ẹ lóunjẹ àárọ̀ ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín, torí mo ti gbé máìkì sẹ́nu kí n tó dá a lóhùn. Ó lọ. Bó ṣe ń wọnú ọkọ̀, inú mi ti sọ fún mi pé ọkọ̀ yìí máa dojú dé lónìí. Máìkì wà lọ́wọ́ mi. Kí n ṣáà ní, "Ẹ dúró," gbogbo èèyàn á gbọ́. Ẹ mọ ohun tí mo ń ṣe? Mo ń wá gbólóhùn tí mo máa sọ bó bá ṣubú. Iná yí padà. Alángbá gbórí, ó gbáyà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ò kanlẹ̀, ó nàró bí òpó iná. Ó ṣì wà lókè bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ fi gbọ́ ohùn mi: "Ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ̀! Má-wẹ̀yìn ti tẹ iná jù!" Ẹ lọ gbọ́ ọ nínú téèpù. Ọdọọdún lẹ̀ ń gbọ́ téèpù yẹn, tẹ́ ẹ̀ ń ní ojú mi yá. Ta ló ń sọ ohun tó gbé ọkọ̀ ṣubú nígbà tí ọkọ̀ ò tíì ṣubú? Ẹ̀yìn ẹ̀ ló fi lélẹ̀, lórí ẹni tó jókòó sórí ìrù. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ká mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìn, kò sẹ́ni tó lè mọ ibi tí wọ́n dè é sí mọ́.

Má-wẹ̀yìn ò kú lọ́jọ́ náà. Látìbàdí sísàlẹ̀ ló kú. Ilé wa ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, níbẹ̀ sì ni mo ti ṣe èyí tó burú jù. Wẹ́dà ló kọ́kọ́ wá. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bọ̀dá, irin tí mo jó ló já. Ẹ dárí jì mí." Mo ní kó dìde, mo ti dárí jì í. Kò jó irin mọ́ látọjọ́ yẹn. Géètì onígéètì ló ń ṣọ́. Ìyàwó mi ló tẹ̀ lé e. Mo wọlé bá a tó ń fi òòlù wó ògiri ilé ìdáná fúnra ẹ̀, eruku sìmẹ́ńtì kún irun ẹ̀. Ó ní, "Ká ní mo gbà fún yín nígbà yẹn ni, ọkọ̀ ì bá gùn, kì bá tí dìde. Ẹyin dídín ni mo fi ṣẹ́ àbúrò mi lẹ́yìn. Dádì, ẹ dárí jì mí." Mo gba òòlù lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní, "Ó ti tán." Inú ihò yẹn la ṣì ń gbà kọjá títí dòní. Ẹni tó ṣìkẹta ni Má-wẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò rántí pé ẹsẹ̀ mi yọ̀. Àmọ́ ojú yín ló ṣe, ẹ ò sì ní purọ́ mọ́ mi. Mo ba ọkọ̀ yín jẹ́. Ẹ dárí jì mí." Ìyàwó mi ń fi omi nu ẹsẹ̀ tí ò mọ omi lára mọ́ yẹn. Òótọ́ dé ètè mi. Mo gbé e mì. Mo ní, "Mo ti dárí jì ẹ́ tipẹ́." Ó gbé ọwọ́ mi lé àyà, ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n." Kò lò ju ọ̀sẹ̀ yẹn lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, bóòtù tí mo tú, ariwo ló pa mí bí ọtí. Irọ́ tí mo pa nínú máìkì, ẹ̀rù ni. Àmọ́ ìdáríjì tí mo fún ọmọ yẹn, mi ò mọ orúkọ tí mo máa sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀, ẹ kọ́ ọ kúrú, ẹ kọ́ ọ gùn, ẹ gbé ẹ́ńjìn síbi tó bá wù yín. Ọkọ̀ tí ò jọ tẹlòmíì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ gbogbo bóòtù tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn, ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa jókòó sínú ẹ̀ mọ̀. Mi ò bẹ̀ yín kẹ́ ẹ dárí jì mí o. Ẹni tí ǹ bá bẹ̀ ti wà nílẹ̀, ẹ̀bi tèmi ló gbé lọ. Wẹ́dà, irin ẹ ò já. Gbọ́ mi dáadáa: irin ẹ ò já. Ìyàwó mi, ògiri yẹn ò ṣe nǹkan kan.

Ìyàwó mi ti ń dìde. Ẹ yẹ̀ fún un. Ó ń gba àárín bẹ́ńṣì kọjá, Wẹ́dà ti dìde tẹ̀ lé e. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyí. Ó ti dẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó di ilẹ̀kùn mú. Ó dúró. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dúró.

Rárá. Ó ti jáde. Kò wẹ̀yìn.